Ìgò Méje Láti Ọ̀dọ̀ Nafíù

Páálí bíńtín ni, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹ̀kọ.
Nafíù ọmọ àbúrò mi ló fi rán awakọ̀ sí mi.
"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé kíkọ," ó ní, "ẹ fi ṣeré."
Ìgò méje, kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ,
àti gègé kan, ẹnu rẹ̀ là sí méjì bí ahọ́n ejò.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin
ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní Pákátà.
Dúdú ni mo fi kọ ọ́, gbogbo rẹ̀:
ẹni tó jẹ gbèsè àgbò, ẹni tó yẹ ààlà oko,
ìyàwó tó ní òun ò ṣe mọ́,
ọkọ tó ní kí wọ́n dá owó òun padà.
Pupa, ti adájọ́ ni. A kì í fọwọ́ kàn án.

Àárọ̀ Àlàmísì, mo mu kókó tán,
mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Òkè-Àpómù,
mo ranjú mọ́ orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò lára.
Orúkọ òyìnbó ni. N kò mọ òkun tí wọ́n ń wí,
n kò mọ òdòdó náà.
Mo bá ń sọ wọ́n lórúkọ fúnra mi, láìpa àgbò.

Èyí tó fi díẹ̀ jọ ewé, tó mọ́ gaara: Omi Wàrà.
Èyí tó pọ́n fòò: Ilẹ̀ Òkè-Òde Lẹ́yìn Òjò.
Èyí tí oòrùn ti pọ́n kó tó dé ìgò: Ọsàn Gànmọ́.
Elésè àlùkò, èyí tó ń dán, tó sì ń gbéraga,
mo pè é ní Ṣìfáwù, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin
kò wọ àwọ̀ mìíràn lọ́jọ́ Jímọ̀ títí ó fi kú.
Àwọn mẹ́ta yòókù ṣì wà láìlórúkọ.

Orúkọ ara mi ni mo kọ. Kí lèèyàn tún ń kọ
tó bá ń dán kálàmù wò? Awáwù, Awáwù,
Awáwù ní pupa,
Awáwù tó ta gbòǹgbò nítorí pépà ò dáa,
Awáwù olómi-ọsàn tí n kò rí kà láìgbé e súnmọ́ ojú.
Kò sí olùpẹ̀jọ́ níbẹ̀, kò sí olùjẹ́jọ́.
Ojú tì mí díẹ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni mo rántí ìgò dúdú àtijọ́,
èyí tí mo jí (ẹ jẹ́ n sọ òótọ́) kúrò ní kóòtù
lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní aago ògiri, tí wọ́n ní ó dàbọ̀.
Mo kán ẹ̀kán kan sórí tíṣù, mo fi omi kán lé e.
Mo kàn fẹ́ wò ó ni.

Dúdú náà kọ́kọ́ dúró, bí ẹlẹ́rìí tó ń ṣagídí.
Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́:
aró ló kọ́kọ́ jáde, àlùkò tẹ̀ lé e,
pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun,
létí pátápátá, ìlà yẹ́lò kan, tín-ín-rín bí irun.

Háà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin.
Ìyàwó tó ní òun ò ṣe mọ́ yẹn,
tí mo kọ ẹkún rẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo,
ṣé gbogbo èyí wà níbẹ̀ tí n kò bu omi sí i?

Bàbá mi máa ń po tàdáwà tirẹ̀ nínú ìkòkò Òkèlele,
èédú àti oje igi. Dúdú fún ọ̀rọ̀, pupa fún àmì ohùn.
Ó ní láìsí pupa, ọ̀rọ̀ ò ní lè mí.
Ọmọ ọdún méje ni mí; mo rò pé àwàdà ni.

Mo gbé bútà láti ṣàlùwàlá fún Àlàásárì.
Omi tó ń ṣàn ní ìka mi jáde ní ọsàn,
ó jáde ní ewé, kò fẹ́ tán.
Ráfátù ọmọ alágbàfọ̀ dúró, ó la ẹnu:
"Ìyá Kóòtù, kí lẹ pa?"
Mo ní kò sí. Mo tún bu omi.
Ìka kékeré kọ̀, àlùkò rẹ̀ ò ṣí.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kírun. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀,
Ṣìfáwù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, lápá ọ̀tún.